Bí Ìlù Bá Dún Àdúnjù: Irú Ẹ̀rọ Orin Wo Ni Ó Yẹ Kí Ẹgbẹ́ Wa Rà?

Ọ̀rọ̀ owó àjọdá kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a ń fi ojú oorun wò, ìdí nìyí tí a fi mú gègé wa lónìí.

Gbogbo ẹni tó wá sí ìpàdé tó kọjá ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rọ orin ẹgbẹ́ wa ti dákẹ́. Owó tí a dá jọ láti fi ra òmíràn jẹ́ ₦260,000. Àwọn kan dìde, wọ́n ní kí a lọ ra ẹ̀rọ òde àríyá tuntun, èyí tó ní wọ́fà ńlá méjì, tó ń tan iná pupa, tó ń tan iná aláwọ̀ ewé, kí àwọn ẹgbẹ́ yòókù lè mọ̀ pé Yorùbá dé. Àwa tí a ń gbé Mpape ní kí a má ṣe bẹ́ẹ̀. A ní kí a wá pírósẹ́sọ̀ tòkunbọ̀ kan, irú èyí tí wọ́n ń pè ní preamp processor, kí a sì wá áńpù kan àti sípíkà méjì péré tó dára tì í. Ẹ̀rín ni wọ́n fi dá wa lóhùn. Ẹnìkan tiẹ̀ wí pé, "Ará Mpape, ẹ̀yin ò kúkú mọ̀ ju àlòkù lọ." Ìpàdé tú, a kò fẹnu kò. Ohun tí a kò rí àyè sọ lọ́jọ́ náà ni a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí.

IBI TÍ Ọ̀RỌ̀ TI BẸ̀RẸ̀

Ẹni tí kò bá mọ Mpape, kó mọ̀ pé orí òkè ló wà, lẹ́yìn Maitama, lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ Bwari. Àwọn Gbàgyí ló ni ilẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta fún iṣẹ́ ilé àti iṣẹ́ títì, ibẹ̀ náà sì ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ sá lọ nítorí owó ilé. Nígbà tí ilẹ̀ mì tìtì níbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2018, nínú ilé tiwa, wọ́fà aládùúgbò ni a kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin náà ẹ wo irú ariwo tí etí wa ti mọ̀ lára!

Mpape ni a dàgbà sí. Haúsá ni a fi ń ra nǹkan lọ́jà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé, a sì gbọ́ Gbàgyí díẹ̀díẹ̀ lẹ́nu àwọn ọ̀rẹ́ wa. Yorùbá tiwa, inú ilé ló mọ sí. A lè sọ pé a fẹ́ jẹun, a lè sọ pé ìyá wa kò sí nílé, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kò sí níbẹ̀. Nígbà tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, a tẹ̀lé àwọn òbí wa lọ sí ìgbéyàwó kan ní Ògbómọ̀ṣọ́. Onílù kan kọjú ìyáàlù sí wa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìlù pe oríkì ìdílé wa. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá wa tí wọ́n dàgbà sílé ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n ti ń náwó. Àwa dúró bí òpó iná. Ìyá àgbà kan wò wá títí, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ìlù ń pè yín, ẹ ò jẹ́." Títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì kúrò lára wa. Ẹni tó bá sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

Ẹni tó gbà wá ni bàbá kan ládùúgbò wa tí a ń pè ní Bàbá Onírédíò nítorí pé iṣẹ́ rédíò títúnṣe ni wọ́n ń ṣe. Bàbá ní àwo orin àti kásẹ́ẹ̀tì tó kún àpótí mẹ́fà: Haruna Ishola, Yusuf Olatunji, Ayinla Omowura, I. K. Dairo, Ebenezer Obey, Sunny Ade. Inú àpótí ni wọ́n máa ń wà nígbà gbogbo, wọn kì í tò wọ́n sórí pẹpẹ. Ìdí rẹ̀ ni pé ní ọdún 2012, ìjọba ní àwọn fẹ́ wó Mpape. Lóòótọ́, àwọn ará àdúgbò gba ilé ẹjọ́ lọ, ilé ẹjọ́ gíga Abuja sì dá wọn láre ní ọdún 2017, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni Bàbá ti ń kó ẹrù wọn bí ẹni tó lè ṣí lọ lọ́la.

Sípíkà méjì péré ló wà ní pálọ̀ Bàbá. Wọn yóò mú wa jókòó sí àárín, wọn yóò gbé abẹ́rẹ́ lé àwo, nígbà tí ìlù bá sì sọ̀rọ̀ tán, wọn yóò bi wá pé, "Kí ni ó wí?" Bí a kò bá mọ̀, wọn yóò dá a padà. Bí a kò bá tún mọ̀, wọn yóò tún dá a padà. Ọdún mẹ́ta ni a fi ṣe bẹ́ẹ̀. Kò sí kíláàsì tó kọ́ wa ní àmì ohùn tó pálọ̀ yẹn.

Ní báyìí, Bàbá ń múra àtipadà sílé kí ọdún tó parí. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn yóò fi àpótí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sílẹ̀ fún ẹgbẹ́ wa, bí a bá ní ẹ̀rọ tí yóò jẹ́ kí ìlù sọ̀rọ̀. Bí kò bá sí, wọn yóò kó wọn lọ. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tí a ń jà fún nìyẹn, kì í ṣe nítorí pé a fẹ́ràn àlòkù.

ÌLÙ KÒ NÍ ÈTÈ, OHÙN NÌKAN LÓ NÍ

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun tí gbogbo wa mọ̀. Ọkọ ni ẹni tó fẹ́ ìyàwó. Ọkọ́ ni a fi ń ro oko. Ọkọ̀ ni a ń wọ̀ láti Mpape lọ sí Wuse. Ọ̀kọ̀ ni jagunjagun fi ń gún ọ̀tá. Lẹ́tà kan náà ni, ohùn ló yà wọ́n. Èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ ní ètè, ó ní ahọ́n, ó ní eyín. Ìyáàlù àti gángan kò ní ọ̀kankan nínú wọn. Ohùn òkè, ohùn àárín, ohùn ìsàlẹ̀ àti ìgbà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn gùn tó, ohun tí ìlù fi ń sọ̀rọ̀ nìyẹn. Ẹ̀rọ tó bá ba ohùn jẹ́, kì í ṣe adùn orin nìkan ló bàjẹ́, ọ̀rọ̀ gan-an ló gé mọ́ ìlù lẹ́nu.

Lọ́dún tó kọjá, kí ẹ̀rọ wa tó kú, a gbé orin àpàlà kan sí i níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní. Ẹ̀rọ náà ń dún gbì, gbì, gbì, gíláàsì ojú fèrèsé ń gbọ̀n. A bi ọmọkùnrin kan pé, "Kí ni ìlù wí?" Ó ní, "Ìlù wo? Béèsì nìkan ni mo gbọ́." Ọmọ náà kò jẹ̀bi. Ẹ̀rọ ló ti fi ariwo bo ìlù mọ́lẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti wí i pé bí ìlù bá dún àdúnjù, yíya ní í ya.

KÍ NI PÍRÓSẸ́SỌ̀ Ń ṢE?

Ẹ̀rọ orin dà bí ààfin. Ẹ̀rọ tó ń ka àwo, CD tàbí kásẹ́ẹ̀tì ni àlejò tó gbé ọ̀rọ̀ wá. Pírósẹ́sọ̀ ni ẹmẹ̀wà tó ń gba àlejò lẹ́nu ọ̀nà: òun ló ń yan ẹni tí yóò wọlé, òun ló ń pinnu bí ohùn yóò ṣe ròkè tó, òun ló sì ń pín in fún sípíkà. Áńpù ni alágbára tó ń ti sípíkà kí ó lè dún. Sípíkà ni ẹnu. Bí ẹmẹ̀wà bá parọ́ mọ́ ọ̀rọ̀ àlejò, bí áńpù ti wù kó lágbára tó, irọ́ ni yóò máa pariwo.

Nítorí sinimá ni wọ́n fi ṣe pírósẹ́sọ̀ yìí. Dolby Pro Logic jáde ní ọdún 1987, Dolby Digital wọ ilé sinimá ní ọdún 1992. Iṣẹ́ wọn ni láti mú kí ọ̀rọ̀ òṣèré wá láti iwájú, kí ìbọn sì máa dún lẹ́yìn èèyàn, nípa sípíkà márùn-ún, mẹ́fà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí dára fún sinimá. Ṣùgbọ́n ọ̀tún àti òsì ni orin ní tirẹ̀. Ní ọdún 1931 ni Alan Blumlein, òyìnbó kan ní ilé iṣẹ́ EMI ní Lọ́ńdọ̀nù, kọ ìwé láti gba ẹ̀tọ́ sí ọgbọ́n sítẹ́ríò: pé ohùn méjì, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, tó láti mú kí etí méjì tí Ọlọ́run fún wa mọ ibi tí olórin dúró sí àti ibi tí onílù dúró sí.

Níbi yìí ni ewu wà. Bí a bá ti orin ọ̀tún-òun-òsì bọ inú pírósẹ́sọ̀, ó lè gbà á bó ṣe wà kó sì gbé e kọjá. Ó sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un: kó tú u ká sí sípíkà márùn-ún, kó fi gbohùngbohùn kún un bí ẹni pé inú gbọ̀ngàn ńlá la wà. Gbohùngbohùn yìí ló ń pa ìlù. Ohùn kìíní kò tíì tán tí ìkejì fi gùn ún lẹ́yìn, bí ìgbà tí èèyàn mẹ́ta bá ń ka ìwé kan náà láìbẹ̀rẹ̀ papọ̀. Ọ̀rọ̀ orin àtijọ́ tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọ̀pọ̀ nínú àwo àpàlà àti sákárà àtijọ́ ni kò ní ọ̀tún àti òsì rárá, ohùn kan ṣoṣo ni. Bí Pro Logic bá gba irú ohùn bẹ́ẹ̀, sípíkà àárín nìkan ni yóò darí gbogbo rẹ̀ sí. Haruna Ishola, agídìgbo, ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ àti ìlù, gbogbo wọn yóò há sínú sípíkà kékeré kan bí ẹni há sínú danfó.

Ìdí nìyẹn tí ohun àkọ́kọ́ tí a gbọ́dọ̀ bèèrè nípa pírósẹ́sọ̀ fi jẹ́ pé: ǹjẹ́ ó ní ọ̀nà tààrà? Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, "Direct" tàbí "Pure Direct" tàbí "Bypass" ni wọ́n kọ sí i. Bí a bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ọgbọ́n àfikún yóò dákẹ́, orin yóò sì kọjá bó ṣe dé.

ÌDÍ TÍ ÀLÒKÙ FI TÓ WA

Àwọn ọ̀rẹ́ wa bèèrè pé kí ló dé tí ẹni tó ní ohun rere lọ́wọ́ fi ń tà á ní owó pọ́ọ́kú. Ìbéèrè gidi ni. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé sinimá kì í dúró sójú kan. DVD dé ní ọdún 1996. Wáyà HDMI dé ní òpin ọdún 2002. Dolby Atmos wọ inú ilé ní ọdún 2014. Gbogbo ìgbà tí tuntun bá dé, àwọn olówó òkè òkun a gbé ti àná síta, nítorí kò mọ èdè tuntun náà. Báyìí ni pírósẹ́sọ̀ tí Rotel, Anthem, Marantz, Lexicon tàbí Onkyo ṣe ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ṣe ń di ohun tí owó rẹ̀ wálẹ̀ pátápátá.

Ṣùgbọ́n orin ọ̀tún-òun-òsì kò yí padà. CD tó jáde ní ọdún 1982 ṣì ń ka ohùn ní ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bẹ́ẹ̀ náà ló wà lónìí. Ọdún 1982 yẹn kan náà ni Sunny Ade gbé àwo Juju Music jáde lọ́dọ̀ Island Records. Ẹ̀rọ tó bá lè gbé àwo yẹn dáadáa nígbà náà kò tíì gbàgbé bí a ti ń gbé e. Ohun tó sọ pírósẹ́sọ̀ di ògbólógbòó lójú onísinimá kò kan onílù rárá. Ẹni tí orin ni ó ń wá, èrè ni àlòkù jẹ́ fún un.

A kò ní fi ọ̀rọ̀ pamọ́ o. Bó bá jẹ́ pé orin nìkan ni ẹgbẹ́ wa ń gbọ́, áńpù sítẹ́ríò lásán ni à bá ní kí ẹ rà, kò nílò pírósẹ́sọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kan ṣoṣo ni a ní, a sì ń wo sinimá níbẹ̀. Saworoidẹ tí Tunde Kelani gbé jáde ní ọdún 1999 wà lára ohun tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun, ọ̀rọ̀ ìlù tó ń sọ òótọ́ fún ọba ló sì wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ kan tó lè ṣe méjèèjì ni a ń wá, kìkì pé kí orin jẹ́ àkọ́bí rẹ̀.

BÍ A Ó ṢE YẸ̀ Ẹ́ WÒ

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹ má gbàgbé pé ní ọdún méjì sẹ́yìn, ẹgbẹ́ yìí kan náà ra tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan. A gbé e dé, a ti wáyà rẹ̀ bọ iná, èéfín sọ. Ọ̀pọ̀ èèyàn bú oníṣòwò, ṣùgbọ́n àwa náà jẹ̀bi. Kò sẹ́ni tó ka ẹ̀yìn ẹ̀rọ. Ohun tí Bàbá Onírédíò kọ́ wa láti ìgbà náà nìyí.

Èkíní, ẹ ka ẹ̀yìn rẹ̀. Bí wọ́n bá kọ 120V sí i, ti Amẹ́ríkà ni. Bó bá jẹ́ 100V, ti Japan ni. Iná tiwa 230V ni. Ẹ̀rọ Amẹ́ríkà kò burú, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ ra tíránsífọ́mà tí yóò rẹ iná sílẹ̀ fún un, kí a sì ka owó rẹ̀ mọ́ owó ẹ̀rọ. Bí iná wa sì ti ń lọ tó ń bọ̀, sítábíláísà kì í ṣe fáàrí.

Èkejì, ẹ bèèrè rìmóòtù rẹ̀. Ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ ló jẹ́ pé láìsí rìmóòtù, a kò lè wọ ibi ètò rẹ̀ rárá. Ibẹ̀ ni a ó ti sọ fún un pé sípíkà méjì péré ni a ní àti pé kò sí wọ́fà. Bí ẹni tó lò ó tẹ́lẹ̀ bá fi sípíkà sí "Small", tó sì ní wọ́fà wà, ẹ̀rọ náà yóò máa fi ohùn ìsàlẹ̀ ránṣẹ́ sí wọ́fà tí kò sí. Orin yóò wá tín-ín-rín, ẹ ó sì rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. "Large" ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ sì sọ fún un pé wọ́fà kò sí.

Ẹ̀kẹta, ẹ mú orin tiyín dání lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣòwò. Ẹ má jẹ́ kó fi orin tirẹ̀ tàn yín jẹ. Ẹ mú àpàlà àtijọ́ kan tó jẹ́ ohùn kan ṣoṣo. Ẹ tẹ ọ̀nà tààrà, kí ẹ jókòó sí àárín sípíkà méjèèjì. Ohùn olórin gbọ́dọ̀ dúró ní àárín gbùngbùn, níbi tí sípíkà kankan kò sí. Bó bá fì sápá kan, ẹ pààrọ̀ wáyà ọ̀tún sí òsì níbi tó ti wọ pírósẹ́sọ̀. Bí àìlera náà bá ṣí lọ sápá kejì, ẹ̀rọ tó ń ka orin tàbí wáyà rẹ̀ ló ní àrùn. Bó bá dúró síbi tó wà, pírósẹ́sọ̀, áńpù tàbí sípíkà ni kí ẹ fura sí. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ àwọn ọgbọ́n àfikún, kí ẹ fi etí ara yín gbọ́ bí ìlù ṣe ń dàrú. Ìgbà yẹn ni ẹ ó gbà wá gbọ́.

Ẹ̀kẹrin, ẹ dá orin dúró, kí ẹ yí ohùn sókè díẹ̀díẹ̀, kí ẹ fi etí sún mọ́ sípíkà. Bó bá ń hó ṣììì díẹ̀, kò burú. Bó bá ń kùn hùùù, tó ń ta pàrà-pàrà, tàbí tí ohùn ń lọ tó ń bọ̀ bí ẹ ti ń yí bọ́tìnì, ẹ dágbére fún oníṣòwò.

Ẹ̀karùn-ún, ẹ dán gbogbo ihò ẹ̀yìn rẹ̀ wò, ẹ má fi mọ sórí ọ̀kan. Bí HDMI rẹ̀ bá ti kú, ẹ lè fi ìyẹn dúnàá dúrà, torí pé orin kò nílò rẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀pọ̀ pírósẹ́sọ̀ ni kò ní ihò fún ẹ̀rọ àwo abẹ́rẹ́. Ohùn tó ń ti ara abẹ́rẹ́ wá kéré púpọ̀, ó nílò ẹ̀rọ kékeré kan tí yóò gbé e dìde kó tó wọlé. Àwo Bàbá ni a fẹ́ gbé, nítorí náà a kò gbọdọ̀ gbàgbé èyí.

Ẹ̀kẹfà, ẹ fi sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ fún wákàtí kan. Ẹ ra gúgúrú, kí ẹ jókòó tì í. Ẹ̀rọ tó ń kú bí ara rẹ̀ bá gbóná, tàbí tó ń run bí ohun tó ń jó, kò ní pẹ́ kú pátápátá lọ́wọ́ yín. Bí oníṣòwò bá kọ̀ láti jẹ́ kí ẹ jókòó fún wákàtí kan, ó ti sọ ohun tó mọ̀ fún yín láìla ẹnu. Ẹ̀sọ̀ ẹ̀sọ̀ ni ìgbín fi ń gun igi.

Bí owó bá sì pin, tí kò tó ra pírósẹ́sọ̀ àti áńpù lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, risífà tòkunbọ̀ tó ní méjèèjì nínú àpótí kan yóò tó wa. Kí a sáà wo ẹ̀yìn rẹ̀ pé ó ní ihò tí wọ́n kọ "Pre Out" sí, kí a lè so áńpù mìíràn mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú. Àyẹ̀wò mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yìí ló kan òun náà.

ÈSÌ FÚN ÀWỌN TÓ LÒDÌ

Wọ́n ní fóònù àti Bluetooth ti gba iṣẹ́ yìí ṣe. A kò sọ pé fóònù kò dára, àwa náà ń lò ó. Ṣùgbọ́n etí ẹnìkan ni fóònù wà fún. Kì í ṣe fóònù la fi ń jókòó méjìlá, tí ẹni tó gbọ́ yóò máa ṣàlàyé fún ẹni tí kò gbọ́. Sípíkà kékeré tí wọ́n ń fi Bluetooth gbé náà, ọ̀tún àti òsì rẹ̀ wà nínú àpótí kan, kò sí àyè láàárín wọn.

Wọ́n ní Ọjọ́ Yorùbá ń bọ̀, pírósẹ́sọ̀ kò lè kún gbàgede. Òótọ́ ni, kò lè kún un. Ọjọ́ kan ṣoṣo nínú ọdún ni Ọjọ́ Yorùbá jẹ́. Ẹ jẹ́ kí a háyà ẹ̀rọ àríyá lọ́jọ́ náà bí a ti ń háyà àga àti ìbòòrùn. Ta ló ń kọ́ gbọ̀ngàn nítorí ìkómọ kan?

Wọ́n ní a fẹ́ dójú ti ẹgbẹ́, pé àwọn yòókù ní ẹ̀rọ tó ń tan iná. Aṣọ ńlá kọ́ ni èèyàn ńlá. Bí àlejò bá wá sọ́dọ̀ wa, kí ni a fẹ́ kó bá lọ? Ṣé pé ilẹ̀ mì, tàbí pé ìlù Yorùbá ń sọ̀rọ̀, a sì lè sọ ohun tó wí fún un?

Wọ́n tún ní ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ ti àwọn tó dàgbà sí Mpape, Kánò tàbí Jọ́ọ̀sì nìkan, pé àwọn tó dàgbà ní Ìbàdàn kò nílò rẹ̀. Ẹ forí jì wá, a ti dán èyí wò. Nínú àwọn tí a bi ní ìbéèrè lọ́dún tó kọjá, àwọn ọmọ ilé kò gbọ́ ju tiwa lọ. Ẹni tó ń gbé ẹ̀bá odò, bí kò bá pọnmi, òùngbẹ yóò gbẹ ẹ́.

ÌMỌ̀RÀN WA

Kí ẹgbẹ́ yan èèyàn mẹ́ta tí yóò lọ wo ọjà, kí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ ẹni tó lòdì sí wa. Kí wọ́n bẹ Bàbá Onírédíò kí wọ́n bá wọn lọ, torí pé ojú àgbà ló mọ inú ẹ̀rọ. Kí wọ́n mú orin dání, kí wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò mẹ́fà yìí dání, kí wọ́n má sì san kọ́bọ̀ títí wákàtí kan yóò fi pé. Bí wọ́n bá dé láìrí èyí tó dára, kí owó padà sápò ẹgbẹ́, a ó dúró.

Bí ẹ̀rọ bá sì dé, kí a má gbé sípíkà sí kọ̀rọ̀ ògiri, nítorí kọ̀rọ̀ ní í sọ béèsì di ariwo. Kí a tò wọ́n kí àyè tó wà láàárín àwọn méjèèjì bá àyè tó wà láàárín wọn àti ìjókòó wa dọ́gba. Kí a fi aṣọ kọ́ ara ògiri, kí a tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì sílẹ̀, torí pé ògiri àti ilẹ̀ tó wà níhòòhò a máa dá ohùn padà. Gbogbo èyí kò náni ní ohun púpọ̀, ó sì ń ṣe ju iná aláwọ̀ mèremère lọ.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ìyá àgbà tó bá wa wí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti di ẹni ilẹ̀. A kò lè padà lọ sọ fún wọn pé a ti ń jẹ́ ìpè. Ṣùgbọ́n àpótí mẹ́fà wà ní Mpape tó kún fún ìlù tó ń pe èèyàn, Bàbá tó ni wọ́n sì ti ń di ẹrù. Ọwọ́ wa ló kù sí. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, nígbà tí wọ́n bá ní kí a dìbò, kí olúkúlùkù bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè kan: bí ìlù bá pè mí, ṣé n ó jẹ́?

Ire o.